Ojú-ń-mumi: Bí Mọ̀múdù Ṣe Pàdánù Irúgbìn Ojú Rẹ̀

Kí la ti mọ̀ nípa egbò? Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n: bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, a fọ̀ ọ́, a dì í, kò pẹ́, awọ tuntun ti hù bò ó. Ṣùgbọ́n kí ló ń hu awọ náà? Ṣé ó sì lè dé ọjọ́ kan tí kò ní hù mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á kanlẹ̀.

1. Mọ̀múdù ń gbé ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń ṣe: òun ló ń fi òwú ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Ojú rẹ̀ mú débi pé ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá iná kiri. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ.

Nínú ààwẹ̀ ọdún 1994, oòrùn mú gan-an. Bàṣírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, a máa bu omi sójú lọ́sàn-án kí ara lè tù ú. Mọ̀múdù rí i, ó pariwo níwájú mọ́sáláṣí:

"Ẹ wò ó! Ẹnu ń gbààwẹ̀, ojú ń mumi!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ojú-ń-mumi di orúkọ Bàṣírù. Àwọn ọmọdé gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Mọ̀múdù, o ti bà mí lórúkọ jẹ́ o."

"Ṣé èmi ni mo ní kí òùngbẹ máa gbẹ ojú ẹ ni?"

Bẹ́ẹ̀ agbádá Bàṣírù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ọnà ọrùn rẹ̀ ti dé àbọ̀.

2. Nígbà tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n fẹ́ kun ògiri agbo ilé. Láìmù ni wọ́n rà, ẹ̀tù funfun tí a ń pò mọ́ omi, tó máa ń hó bí ẹni pé iná ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Mọ̀múdù bẹ̀rẹ̀ wo inú garawa. Láìmù ta sí i lójú méjèèjì.

"Ojú mi o!"

Hàlímọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, sáré gbé bútà àlùwàlá. Omi kún un dé ẹnu.

"Bàbá Màsúdát, ẹ gbójú sókè kí n da omi sí i!"

Mọ̀múdù tì í sẹ́yìn. "Gbé e kúrò! Mo ń gbààwẹ̀."

"Ṣebí Ààfáà ti sọ pé omi tó kan ojú kì í ba ààwẹ̀ jẹ́?"

"Mo mọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o ò rí Bàṣírù níbẹ̀ yẹn ni? Kó wá pe èmi náà ní Ojú-ń-mumi?"

Bàṣírù gbọ́. Ó sún mọ́ ọn. "Mọ̀múdù, mi ò ní pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra. Fọ ojú ẹ."

Ó kọ̀. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu ojú, ó jókòó sídìí ògiri, ó ń gbọ̀n títí oòrùn fi wọ̀ tí ládàánì pe ìrun. Bútà ṣì kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

3. Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Basheerah yẹ ojú náà wò.

"Egbò á ṣáà jinná, dókítà," ni Mọ̀múdù wí. "Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní ń rọ́pò."

"Òótọ́ ni, bàbá. Bí wọ́n bá dáná sun ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé rẹ̀. Ní etí dúdú ojú, níbi tó ti pàdé funfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tí a fi mọ ara, wà bí irúgbìn. Bí nǹkan bá ha ojú, irúgbìn kan á pín sí méjì: ọ̀kan á dúró bí ìyá, ìkejì á lọ dí egbò. Kí ló ń sọ èyí tí yóò dúró àti èyí tí yóò lọ? Àbùdá tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wa ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Inú sẹ́ẹ̀lì ló wà. Àwọn jíìnì kan á ní, "Dúró." Àwọn mìíràn á ní, "Ó yá, lọ ṣiṣẹ́." Bí gbogbo irúgbìn bá lọ, ìyá tán. Bí gbogbo wọn bá dúró, egbò ò ní jinná. Ṣùgbọ́n bí irúgbìn fúnra rẹ̀ bá jóná, kò sí ẹni tí yóò gba àṣẹ mọ́.

"Àwọn dókítà kan lókè òkun ti ń bu irúgbìn lára ojú tó dáa lọ gbìn sí èyí tó bàjẹ́," ni dókítà wí.

"Ẹ bù ú lára ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́."

"Èwo ni ìkejì, bàbá? Méjèèjì ló jóná."

4. Nígbà tí Iléyá dé, awọ ibi funfun ojú ti hù bo dúdú ojú rẹ̀, nítorí kò sí irúgbìn mọ́ tó ń dá a dúró; kò ríran mọ́. Bàṣírù wá kí i. Mọ̀múdù táràrà mú agbádá náà jáde, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí.

"Tìrẹ rèé. Mi ò lè parí ẹ̀ mọ́."

Nǹkan kán sí i lọ́wọ́. Ó tún kán.

"Bàṣírù, omi kí lèyí?"

Bàṣírù fi etí aṣọ rẹ̀ nu omijé nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ kan láìmù, omi bátìrì tàbí sódà ọṣẹ, ẹ gbọ́ o: bó bá ta sójú, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa dà á lọ, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró de ìtìjú. Ara a máa tún ara ṣe, ṣùgbọ́n irúgbìn ló fi ń ṣe é. Ẹ sì ṣọ́ ẹ̀sín tí ẹ ń fi ọmọnìkejì ṣe, kó má padà wá di yín lọ́wọ́. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò.

Ó yá, ẹ mú dígí. Ẹ wo etí dúdú ojú yín: ibẹ̀ ni irúgbìn wà. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró níbi iṣẹ́ yín, ẹ dijú, kí ẹ gbìyànjú láti rìn dé ibi tí omi wà. Bí ọwọ́ yín ò bá tètè kàn án, ẹ gbé omi náà sún mọ́ yín lónìí.