Àkùkọ Erasmo Yé Ẹyin

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìlà mẹ́ta kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ẹ dákun, ẹ ka eléyìí tán ná. Ibi tó ti kàn yín, ìsàlẹ̀ ló wà.

1.
Erasmo Calfuqueo ni òjíṣẹ́ abúlé wa létí adágún Budi. Láàárín àwa ẹ̀yà Mapuche, òjíṣẹ́ kì í dé ẹnu ọ̀nà onílé kó kàn ní "ẹ kú ilé." Ó gbọ́dọ̀ béèrè àlàáfíà bàbá, ìyá, àgùntàn, oko, títí kan àwọn tó ti kú, láìdánu dúró. Ẹni tó bá dákẹ́ láàárín ìkíni ti bú onílé. Erasmo kì í dákẹ́. Bó bá sùn pàápàá, ẹnu rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́.

2.
Àfi bí àkùkọ rẹ̀ tó ti darúgbó ṣe yé ẹyin. Ẹyin ọ̀hún kò ju èkùrọ́ lọ.

"Bàbá Belisario, ẹ sọ ọ́ síná!" ni Zunilda ìyàwó Erasmo ké. "Colocolo ló wà nínú ẹ̀!"

Kì í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń jí adìyẹ o. Eku ni Colocolo, eku tó ní ìyẹ́ lórí. Inú ògiri ló ń gbé, itọ́ ẹnu àwọn ará ilé ló sì ń lá títí wọn yóò fi gbẹ bíi pánla.

"Kí n sun ún kẹ̀? Àkùkọ ta ló yé ẹyin rí ládùúgbò yìí? O kàn ń jowú ni."

"Èmi? Mo ń jowú àkùkọ?"

"Ṣé ìwọ ti yé ẹyin rí ni?"

Erasmo fi irun àgùntàn wé ẹyin náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń pe èrò wá wò ó.

3.
Ẹyin là. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ jòjòló nínú ògiri. Erasmo ní afẹ́fẹ́ ni. Ife ọtí àlìkámà tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìfọ̀, wọ́n á bá a ní lílá mọ́ tónítóní. Erasmo ní ìyẹn dín iṣẹ́ kù. Ètè Zunilda bẹ́. Ajá wọn fẹ́ gbó, ó kàn la ẹnu ni.

"Ẹ jẹ́ ká pe machi oníṣègùn kó wá tọ́jú wa," ni Zunilda wí.

"Kí wọ́n lè ní ilé òjíṣẹ́ ti di ilé Colocolo? Láéláé!"

4.
Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ tọrọ Clorinda fún Belisario ọmọ wọn pé. Erasmo dúró lẹ́nu ọ̀nà Nahuelpán, bàbá ọmọge.

"Ṣé àlàáfíà ni bàbá wà? Ṣé àlàáfíà ni ìyá wà? Àgùntàn ńkọ́, ṣé..."

Ahọ́n lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. 

"Kí ló ṣe àgùntàn mi?" ni Nahuelpán béèrè.

Erasmo mi orí.

"Wọ́n ti kú ni?"

Erasmo ń fi ìka fa ọ̀fun rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti gbẹ.

"Ẹ gbà mí o! Ó ní òun máa dúńbú wọn!"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Belisario sunkún délé. "Bàbá mi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni mo ti ń bẹ̀ yín kí ẹ dákẹ́. Òní nìkan ni mo ní kí ẹ sọ̀rọ̀!"

5.
Machi tí wọ́n wá pè níkẹyìn dé, ó tẹ́tí sí ògiri. Ó ní nǹkan náà ti ràn ká gbogbo ilé, iná nìkan ló kù. Wọ́n kó ìkòkò àti aṣọ síta, wọ́n sun ilé òjíṣẹ́ tògiri tòrùlé. Kí wọ́n tó kórè, Clorinda ti wà nílé ọkọ mìíràn.

Lọ́jọ́ iná yẹn, bí òrùlé ṣe wó, itọ́ padà sẹ́nu Erasmo. Ó wú ikọ́, ó gbéra láti bá àwọn èrò sọ̀rọ̀.

"Bàbá Belisario," ni Zunilda wí, "ẹ jókòó."

Ó jókòó.

Ìwọ tó ń kà á, kì í ṣe torí igi ọ̀wọ́n ni àwọn àgbà wa ṣe ń fi ẹyin àkùkọ dáná. Ohun kékeré tí wọ́n ní kí o sun lónìí, má fi ṣe ìran wíwò, kó má di pé ilé lo máa sun lọ́la. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.