Kóòṣì Tó Lé Àgbà Kúrò Lẹ́yìn Gólì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ tó máa fi ránṣẹ́ kiri o. Ẹ kà á tán ná. Bẹ́ ò bá tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ó kàn yín.

1.
Kóòṣì Àkànbí ló ń kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Okokomaiko. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ́ wọn, wọn ò gòkè bọ́ sí líìgì tó ga ju tiwọn lọ rí. Àlùhájà Àdìjá, tó ń ta fáànù ní Alaba, ló ń ra jẹ́sì àti bàtà fún wọn. Nígbà tó yá, ó sú ìyá náà.

"Àkànbí, ó ti rẹ̀ mí. Bí ẹ ò bá gòkè lọ́dún yìí, ẹ lọ wá ẹlòmíì."

"Ìyá, a máa gòkè. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Irọ́ kọ́ ló sì pa. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gidi lọ́dún náà, títí ó fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan láti Ijanikin. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì péré, wọ́n ti gòkè nìyẹn.

2.
Gbádégẹṣin ló máa ń gbá ẹ̀yìn fún wọn. Wẹ́dà ni ní Iba, ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Ká sòótọ́, kò lè sáré mọ́. Ẹnu rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ariwo ni: "Padà sẹ́yìn! Gbá a síta! Fi í lẹ̀ fún gólì!" Àwọn ọmọ á sì ṣe bẹ́ẹ̀ kíá, torí pé Bọ̀ọ̀dá Gbádé ló sọ ọ́. Ta ló fẹ́ bá bọ̀ọ̀dá ẹ̀ jiyàn?

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan ni èjẹ́ǹtì kan pe kóòṣì. Ó lóun ń bọ̀ wá wò wọ́n, pé àwọn tí ò tíì pé ogún ọdún lòun ń wá, òun á kó wọn lọ sókè òkun. Hàà! Orí kóòṣì wú. Orúkọ ogún èèyàn ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. Kóòṣì pa orúkọ Gbádégẹṣin rẹ́, ó fi Dámilárá síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn ún wò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí kò fi sí ẹyọ àgbà kan nínú wọn.

Ṣé ó pe Gbádégẹṣin láti sọ fún un? Rárá o. Ibi tí ọkùnrin náà ti ń jó irin géètì lọ́wọ́ ló ti rí i lórí fóònù pé kóòṣì ti yọ òun kúrò nínú gúrúùpù Wásáàpù ẹgbẹ́. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún un fún ọdún mẹ́sàn-án! Ó pè é.

"Kóòṣì, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Àwọn ọ̀dọ́ layé ń wá báyìí, Gbádé."

"Ó dáa, sà."

3.
Lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ẹlòmíì ì bá jókòó sílé rẹ̀. Gbádégẹṣin wá. Ó dúró lẹ́yìn gólì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbọ́, wọ́n ń ṣe é. Kò pẹ́, Dámilárá gé èèyàn mẹ́ta kọjá, ó gbá a wọlé. Ọ̀kan sódo ni wọ́n fi lọ sinmi.

Èjẹ́ǹtì wá rẹ́rìn-ín sí kóòṣì. "Ta ni bọ̀ọ̀dá ẹ̀yìn gólì yẹn? Ṣé òun ni kóòṣì ni?"

Àwàdà ló ń ṣe o. Àmọ́ ó ká kóòṣì lára. Ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá lọ bá Gbádégẹṣin.

"Máa lọ sílé. O fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò."

"Kóòṣì, àwọn ọmọ yìí ò ní gbọ́ tara wọn."

"Mo ní máa lọ!"

Ó lọ.

4.
Nígbà tí wọ́n padà sórí pápá, ẹgbẹ́ ara wọn ni gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Dámilárá níwájú gólì tiwọn. Dayọ̀ tó ń ṣọ́ gólì pariwo pé, "Gbá a síta!"

Dámilárá dáhùn pé, "Ṣé ìwọ lo bí mi ni?" Ó fẹ́ gé wọn kí èjẹ́ǹtì lè rí i. Wọ́n já a gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbá a wọlé.

Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ọ̀mì sì ti tó wọn! Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló kù. Kí wọ́n kàn dúró sẹ́yìn.

"Ìwọ dúró!"

"Ìwọ náà, dúró!"

Kò sẹ́ni tó dúró. Iwájú ni gbogbo wọn ń sáré lọ, kálukú fẹ́ kí wọ́n rí òun. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, àwọn ará Ijanikin gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Rẹfirí fọn fèrè, ó parí, wọn ò gòkè.

5.
Èjẹ́ǹtì wọ ọkọ̀ rẹ̀, kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Dámilárá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Àlùhájà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Àkànbí, ẹ kú iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án." Ìyẹn nìkan ló sọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó rán èèyàn lọ kó jẹ́sì àti bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, bí ẹgbẹ́ ṣe tú ká nìyẹn.

Kóòṣì lọ sí Iba. Gbádégẹṣin pa iná irin, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un.

"Gbádé, dákun. Mo ti ṣàṣìṣe. Padà wá."

"Kóòṣì, sínú ẹgbẹ́ wo?"

Kóòṣì bú sẹ́kún níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan èèyàn, ní pápá o, ní ṣọ́ọ̀bù o, nínú ìjọ o, ẹ gbọ́ o. Ẹ mú ọ̀dọ́, ó dáa, àwọn ló lẹsẹ̀. Àmọ́ ibi tí gbogbo èèyàn bá ti jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, ta ló fẹ́ pàṣẹ fún ta? Bó bá sì tó àkókò kí àgbà sinmi, ẹ pè é, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí fóònù bá yín sọ ọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá wá lé àgbà kúrò lọ́jà, kó má bínú sí ọmọ.