Eérú Orí Ọ̀kẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, ta la máa ń kúnlẹ̀ fún? Àgbà ni.

Àìsàn wọ igbó. Wọ́n ní kí Òòrẹ̀ kọ́kọ́ gún àwọn arúgbó lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀kẹ́rẹ́ yarí: "Ṣé àìsàn ń béèrè ọjọ́ orí ni?" Ó fi eérú kun orí, ó tò sẹ́yìn Ìyá Ìgalà.

Ìyá Ìgalà rí orí funfun, ó kúnlẹ̀. "Baba, ẹ bọ́ síwájú. Àgbà ló kàn."

Gbogbo ìlà gbè é: "Àgbà ló kàn o, àgbà ló kàn!"

Òòrẹ̀ gún Ọ̀kẹ́rẹ́, oògùn sì tán. Ìyá Ìgalà rọra di orúnkún mú dìde, ó ń wúkọ́. "Kò burú, Baba. Ẹ̀mí yín á gùn." Òógùn ìtìjú wọ́ eérú wá sójú Ọ̀kẹ́rẹ́.

Bí ẹ bá tò lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lẹ́yìn yín.