Ìgò Bàbá

Bí nọ́ọ̀sì ṣe yọ ṣíbí oògùn lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni dókítà tó ń ṣe ìwádìí já wọlé.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dáwọ́ ìdánwò oògùn yìí dúró. Oògùn yẹn ń tan èèyàn. Ó kọ́kọ́ ń mú kí wíwú ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń jó kíndìnrín."

Ìdajì àwọn aláìsàn ló ń mu oògùn ìdánwò náà. Omi tí wọ́n po àwọ̀ mọ́ ni ìdajì yòókù ń mu, láìmọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá àgbà kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kò wú mọ́, tí ti bàbá rẹ̀ ṣì wú bí ìrọ̀rí, ara nọ́ọ̀sì kò gbà á mọ́. Ó pààrọ̀ ìgò àwọn méjèèjì ní ìkọ̀kọ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni dókítà wí. "Mo ti yẹ àkọsílẹ̀ wò. Bàbá bẹ́ẹ̀dì kejì ló ń mu oògùn náà. Omi lásán ni ti bàbá yín. Orí yọ wọ́n."

Bàbá àgbà náà, tó ń wọ bàtà láti lọ sílé, bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo wá mu oògùn burúkú? Èmi tí ara mi le bí òkúta?"

"Omi kẹ̀?" ni bàbá nọ́ọ̀sì wí láti orí ìrọ̀rí. "Dókítà, omi wo ló ń korò bí jogbo?"

Dókítà wo ojú nọ́ọ̀sì.

"Ọmọ mi, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "O ò gbọ́ ni? Wọ́n ní orí yọ mí."