Àga Ṣófo Lójú Ẹ̀rọ

Ìdánwò oyè ọ̀mọ̀wé ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Hussainat kò sì tíì jẹun.

Ó ti gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìdọ̀fin.

Ó ti ka ìwé ìwádìí náà ní àkàtúnkà.

"Jẹun, Hussainat."

"Màámi, kò lè lọ. Ẹ ṣáà bá mi ṣàdúà."

"Má dójú tì wá o!"

Àwọn olùdánwò yọjú lórí kọ̀ǹpútà láti Ìlọrin, wọ́n kí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ojú ẹni tó kẹ́yìn wá yọ.

Kíá, orúnkún Hussainat ti kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà!"

Àga ṣófo nìkan ló kù lójú ẹ̀rọ.

Tíṣà Japhet, tó kọ́ ọ ní a-b-d nígbà èwe, bú sẹ́rìn-ín.

"Dìde jàre, Hussainat! Háà, ẹ má bínú. Ẹ jókòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi lẹ fẹ́ dán wò."