Hóró Oòrùn Kan, Ṣíbí Epo Kan

Agogo méje àárọ̀ lù, mo yọ ahọ́n síta. Ayọ̀kúnnú, olùbẹ̀wò ilé wa, gbé hóró oògùn fítámì D lé e, ó sì ń wo ọ̀nà ọ̀fun mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti fi gíláàsì dúdú bo ìlú lórí, hóró yẹn ni oòrùn wa.

"Ẹ gbé e mì, Màmá."

Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé e mì. Kí ni ẹ̀rọ yín rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi?"

"Ó ní kò tíì tó. Wọ́n á fi kún un."

"Agbọ̀n lẹ fi ń pọn omi! Ọ̀rá ló ń gbé hóró yìí wọnú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó sọ ọ́ di ohun tí eegun lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀yin sì fòfin lé epo kúrò nínú ìkòkò wa."

Mo fa ìgò epo pupa yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo bu ṣíbí kan, mo ju hóró náà sínú rẹ̀, mo gbé e mì lójú Ayọ̀kúnnú, mo sì lá ṣíbí.

"Màmá, dandan ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kọ ọ́! Abẹ́ní Òjélàdé ni orúkọ mi. Kọ ọ́ pé mo ní epo lẹ̀rọ̀."

Ó dìde níbi tó lóṣòó sí. Orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ, ó sì di ògiri mú. Ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún!

Mo bu ṣíbí kejì. "Tìrẹ ńkọ́?"

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì, ó yọ hóró tirẹ̀ nínú àpò, ó sì yanu.