Orí Dírágónì ní Bodè Fẹ́ndírà

Akọni àjèjì kan ju orí dírágónì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá arúgbó tó jẹ́ òpìtàn abúlé Fẹ́ndírà, ó ń retí ìyìn. Òkúta làwọn àgbẹ̀ ṣà dání.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń dúpẹ́ oore nìyí? Ṣebí òun lẹ ń gbé àkọ́so ọkà fún lọ́dọọdún, kó má baà pa yín jẹ!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀rù ló ń bà wá, aláìmọ̀kan?" Òpìtàn kúnlẹ̀, ó rọra pa ojú orí náà dé. "Ta ló fi iná ẹnu jó igbó yìí kí àwọn baba wa tó ríbi dáko? Ooru èémí ta ni òtútù ń sá fún lórí àlìkámà wa?"

"Ìtàn àtijọ́ lásán, ìyá."

Bó ti sọ ọ́, èémí ẹnu rẹ̀ rú funfun bí èéfín. Òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí oko tí wọn ò tíì kórè.